Fọ́tò Ni Tàbí Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́?

Fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣàkọsílẹ̀ ìgbé ayé àdúgbò, fọ́tò ló yá jù. Èèyàn á kàn tẹ fóònù, pátákó ṣọ́ọ̀bù àti iye owó ọjà ti wọlé. Àmọ́ fọ́tò tí kò ní déètì àti orúkọ ibi, àdììtú ni fún òpìtàn ọ̀la.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fara mọ́ ní tèmi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèwádìí ìgbé ayé àwọn èèyàn, tí wọ́n ń pè ní Mass Observation, ní kí ará ìlú kọ ohun tójú wọn rí ní May 12, 1937. Àwọn olùwádìí ṣì ń kà á. Kámẹ́rà ò lè sọ ìdí tí bọ́ọ̀sì fi pẹ́, tàbí ohun tí àwọn èrò ń kùn sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé kíkọ tètè máa ń sú èèyàn.