Kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi kejì jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ̀ǹda mi kí n máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ fún mi pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ tuntun náà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Kìlógíráàmù 12 ni, ó sì ní ìwà kan: tó bá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà, á jókòó sílẹ̀ gbẹdẹmukẹ, á na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí n gbé òun. Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀ ló ń wọlé. Màmá ọkọ mi wá bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àmọ́ wọ́n ní ìsọ̀ ní Ṣágámù tí wọn ò lè tì pa títí. Ilé jẹ́léósinmi tí ẹ̀gbọ́n ń lọ tó ìrìn ìṣẹ́jú 12 láti ilé wa ní Ìmọ̀wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ, èyí tí wọ́n ń gbé ọmọ jókòó sí tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ tì, ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá, màmá ọkọ mi wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọ̀já ò kúkú wọ́n lọ́jà. Ẹ̀yìn tèmi yìí, ọmọ márùn-ún ni mo fi pọ̀n." Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà fẹ́ràn ọ̀já, mo sì ń pọ̀n ọmọ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti la ikùn mi gan-an ni ìdí ọ̀já máa ń dì mọ́. Mo ká aṣọ sókè, mo fi ojú ọgbẹ́ náà hàn wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó di alẹ́, àwọn fúnra wọn ló fi ₦20,000 kún owó tí mo ti tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èyí tí mo rà tí kò bá mi lára mu. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lágbègbè Fọlágbadé ni mo ti rí i, ₦85,000. Irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, bí ìgbà tí èèyàn so kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀. Ó rẹwà, aṣọ rẹ̀ ò gbó, ó sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí táìsì ṣọ́ọ̀bù náà. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. N kò mú tépù dání, n kò sì ronú kan géètì ilé wa.

Íńṣì 30 ni fífẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì wa kò ju íńṣì 27 lọ. Láràárọ̀, àfi kí n ṣí géètì ńlá, irin gbọọrọ tó sì dè é wúwo ju ọmọ tí wọ́n ní kí n má gbé lọ. Ọmọ alájọgbé wa ló ń bá mi ṣí i kó tó lọ sí iléèwé. Tí a bá wá dé iwájú ilé jẹ́léósinmi, pákó méjì ni wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà. Táyà apá kan á wà lórí pákó, tòdìkejì á wà lófuurufú. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilẹ̀kùn alápá méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti apá kan pa, ìdábùú rẹ̀ ti dípẹtà. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìta, mo gbé kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ òsì. Ohun tí mo ra kẹ̀kẹ́ fún kí n má baà máa ṣe, òun gan-an ni mo tún ń ṣe yìí.

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi níbẹ̀ wá dùn mí ju ti ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n sìn wá jáde, wọ́n rí bí mo ṣe gbé ọmọ tuntun náà padà sínú ìjókòó rẹ̀. Ìjókòó yẹn kì í nà gbalaja, ó kàn máa ń fẹ̀yìn díẹ̀ ni. Orí ọmọ ti wó síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Wọ́n ti ìka méjì bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n rọra gbé e sókè, wọ́n ní, "Màmá, ẹ wo ọ̀nà èémí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ò tíì lágbára láti gbé orí kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀." Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ sùn gbalaja nínú kẹ̀kẹ́ ni, títí tí yóò fi lè dá jókòó, èyí tó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ ọwọ́, kó kọ́kọ́ tẹ́ ìjókòó náà wò kó tó wo àwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè nà tọ́ọ́, kó fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

N kò ní sọ pé irú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ yẹn ò dára níbi kankan. Ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, ó rọrùn láti gbé iwájú rẹ̀ sókè níbi ìgbéga títì, àwọn ọmọ méjèèjì sì ń rí òde. Ẹni tí géètì rẹ̀ fẹ̀, tí ojú títì rẹ̀ tẹ́jú, tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lè jókòó, ó lè gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kì í sinmi. Ìbọ̀sẹ̀ àbúrò ló fẹ́ràn láti máa fà yọ, á sì jù ú sílẹ̀. Mo pàdánù ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tà á ní ₦70,000.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti rí èyí tí mò ń lò báyìí, lọ́wọ́ ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá rẹ̀. ₦140,000 ni mo san. Irú èyí tí ìjókòó kan wà níwájú, tí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mú tépù télọ̀ dání. Íńṣì 24 ni fífẹ̀ rẹ̀. Mo bi ìyá náà bóyá wọ́n lè yá mi ní àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 10, mo gbé e síwájú, mo tì í kiri àgbàlá wọn, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo tẹ bíréèkì, mo wá fi gbogbo agbára tì í níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀. Kò mira. Mo tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó nà gbalaja bí ibùsùn. Bẹ́líìtì oríkò márùn-ún wà lára ìjókòó méjèèjì: méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Gbogbo wọn ń dún pọ́ tí mo bá tì wọ́n. Àmì EN 1888, ìlànà ààbò àwọn ará Yúróòpù lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ, wà lára irin rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjókòó kọ̀ọ̀kan gba kìlógíráàmù 15.

Mo wo oríkèé rẹ̀ dáadáa, ibi tó ti ń ká. Ẹ má fojú kékeré wo ibẹ̀ tó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Maclaren kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ alákàápọ̀ wọn, ọlọ́mọ kan àti ọlọ́mọ méjì, wá gba ohun tí wọ́n máa fi bo oríkèé, torí pé ó ti gé àwọn ọmọ kan lórí ìka. Kẹ̀kẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kò sí ìgbà tí wọn ò lè kó irú ẹrù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹténà tòkunbọ̀. Tèmi kì í ṣe tiwọn, àmọ́ látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí, mo máa ń rí i pé ọmọ kankan ò sí nítòsí kí n tó ṣí kẹ̀kẹ́ tàbí kí n tó ká a.

Báwo ló ṣe wá ń rìn? Ó gba ilẹ̀kùn géètì kọjá, ó gba pákó orí gọ́tà kọjá, ó wọ inú ilé àjẹsára láìsí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, àbúrò wà lẹ́yìn nítòsí ọwọ́ mi, mo sì ń rí ojú rẹ̀. Ibi tó ti ń fún mi níṣòro ni òkúta. Títì tiwa kò ní ọ̀dà. Táyà iwájú rẹ̀ kéékèèké, wọ́n máa ń yí kiri fúnra wọn, òkúta wẹ́wẹ́ sì máa ń há sábẹ́ wọn, tí gbogbo kẹ̀kẹ́ á dúró gbọnin, tí ẹ̀gbọ́n á fì síwájú. Ó pẹ́ kí n tó rí bọ́tìnnì pupa kan lórí táyà náà tó máa ń dè é kó máa wo iwájú nìkan. Lójú ọ̀nà tí kò dára, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Tí a bá ti bọ́ sórí ọ̀dà, mo tú u. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tí a bá sì dé ibi tó ga, mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin ẹ̀yìn, mo sì ń fi ọwọ́ fa òkè rẹ̀ mọ́ra, kí iwájú lè dìde. Kìlógíráàmù 12 níwájú kì í ṣe eré.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fa sínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ìṣó gún ọ̀kan lọ́jọ́ kan nítòsí Gáréèjì Ẹ̀pẹ́. Orí fáàbù rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó lẹ̀ ẹ́ fún mi. Kí ẹ máa sọ fún wọn pé kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ wọn lágbára ju táyà kékeré bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ọkọ̀ wíwọ̀, òtítọ́ ni kí n sọ: ó ń náni lówó. Kìlógíráàmù 15 ni kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wọ búùtù Corolla tí mo bá yọ táyà ẹ̀yìn. Kò wọ ẹ̀yìn Márúwá rárá, orí ìjókòó èrò ni yóò wà, nítorí náà mo máa ń sanwó gbogbo àyè. Ọ̀kadà, ẹ má dá a láṣà.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Òkè-Ajé, torí kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tà á máa sọ fúnni. Mo ti ra gaàrí kóńgò mẹ́rin, iṣu méjì àti ẹja. Àpẹ̀rẹ̀ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ti kún, mo bá so gaàrí àti iṣu mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó dúró dáadáa. Oníbàárà mi tó ń ta ata rí ẹ̀gbọ́n, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ìyá ìbejì, ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí díẹ̀." Mo ní wọn kì í ṣe ìbejì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo tú bẹ́líìtì, wọ́n gbé e. Bí ara ọmọ ṣe kúrò níwájú báyìí, táyà iwájú dìde nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ sẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò nínú rẹ̀, gaàrí ń fà á. Orókún mi ni mo fi gbà á. Gaàrí dà sílẹ̀, àbúrò ò jí lójú oorun. Mo jókòó sórí àpótí aláta títí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Látọjọ́ náà, n kò so ọ̀rá kankan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́, mo sì máa ń gbé àbúrò kúrò lẹ́yìn kí ẹ̀gbọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú.

Oòrùn ńkọ́? Ìbòrí rẹ̀ kúrú, mo sì ti máa ń da ìborùn bo gbogbo rẹ̀ kí oòrùn má baà pa ọmọ. Lọ́jọ́ kan mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbóná bí inú ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn. Aṣọ tó bo gbogbo ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Télọ̀ bá mi rán aṣọ pẹlẹbẹ kan tó yọ síwájú bí etí òrùlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀rá òjò tó bá a wá náà, kí òjò ṣáà ti dá ni mo máa ń ká a kúrò.

Àwọn ibì kan wà tí n kò gbé e lọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé bá ń kọjá, tí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun sì ń bọ̀. Kò sí ibi tí táyà máa gbà. Mo pọ̀n àbúrò, bàbá wọn gbé ẹ̀gbọ́n sọ́rùn, ẹ̀gbọ́n sì rí ẹṣin jù mí lọ.

Màmá ọkọ mi padà wá kí wa nígbà tí àbúrò pé oṣù márùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò bá wọn nílé, n kò bá àwọn ọmọ, n kò bá kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti tì wọ́n dé ìkòríta lọ ra àkàrà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, mo rí i pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa náà kí wọ́n tó wọ títì wa. N kò kọ́ wọn.

Àbúrò ti ń dá jókòó dáadáa báyìí, ẹ̀gbọ́n sì ti ń rìn dé jẹ́léósinmi lọ́pọ̀ ọjọ́ láìbẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa bímọ kejì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni kẹ̀kẹ́ náà kàn. Kí n tó gbé e fún un, màá pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹsẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lára ìjókòó iwájú, mo sì ti sọ fún un kó lọ wọn ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.