Tẹlifíṣọ̀n Sátẹ́láìtì Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Ọkọ̀ RV: Àyẹ̀wò Díìṣì Tailgater àti Dikódà Wally

Fún àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí a sì ń fi ọkọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, rìnrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n gba àròjinlẹ̀. Bí a bá ti jìnnà sí ìlú ńlá, ìgbì fóònù lè má sí rárá, áńtẹ́nà lásán kì í sì í rí nǹkan kan gbà, síbẹ̀ àwọn òbí wa tó bá wa rìn fẹ́ gbọ́ ìròyìn, àwọn ọmọ sì fẹ́ wo eré bọ́ọ̀lù wọn. Ohun mẹ́ta tí ìdílé mi ń lò pọ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: díìṣì Tailgater tí ilé-iṣẹ́ KING ṣe, dikódà Wally ti DISH, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ní Amẹ́ríkà, àti ètò ìsanwó oṣooṣù tí DISH ń pè ní Pay-As-You-Go. Èrò mi ni pé àpapọ̀ yìí ló bójú mu jù lọ fún ẹni tí kò fẹ́ náwó ní ìnákúnàá, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí díìṣì ilé lásán tí a gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ti dára jù ú lọ dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré sí i.

Ètò ìsanwó náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn, nítorí òun ni ìrọ̀rùn owó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àdéhùn ọdún méjì kankan. Ẹ máa san owó oṣù kan, ẹ máa wò ó fún oṣù kan, bí ẹ bá sì ti gbé ọkọ̀ padà sílé, ẹ dá a dúró títí di ìgbà ìrìn-àjò mìíràn láìsan owó ìtanràn. Ẹni tó bá ti lo dikódà ní Nàìjíríà, tó máa ń sanwó kí àwòrán tó wá, yóò mọ ètò náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti sábà máa ń fi àdéhùn gígùn de oníbàárà, àǹfààní ńlá ni. Ìdílé tó ń rìn ní ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ nìkan kò ní ìdí láti máa sanwó ní gbogbo ìgbà òtútù fún ohun tó wà nínú ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀.

Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí n kò fi yan DIRECTV, ilé-iṣẹ́ tó ń bá DISH díje. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ìgbì wọn ṣe ń rìn. DISH ń fi àwọn ìkànnì HD rẹ̀, ìyẹn àwọn tí àwòrán wọn mọ́ kedere, ránṣẹ́ lórí irú ìgbì sátẹ́láìtì kan tí wọ́n ń pè ní Ku, èyí tí díìṣì kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí ike lè gbà. Ní ti DIRECTV, púpọ̀ jù lọ nínú ìkànnì HD rẹ̀ wà lórí irú ìgbì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ka, láti ara àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní dígírì 99 àti 103 (dígírì yìí ló ń sọ ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà lójú ọ̀run), àwọn díìṣì kékeré alágbèéká tó ń wá sátẹ́láìtì fúnra wọn kì í sì í lè gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ wo DIRECTV ní HD lójú ọ̀nà ní láti gbé díìṣì ńlá dání tàbí kí ó ra èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ òrùlé, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Tailgater fúyẹ́, ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e, ọmọdé tó ti dàgbà díẹ̀ sì lè gbé e jáde. A óò gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a óò fi wáyà kan ṣoṣo so ó mọ́ dikódà, a óò sì tan dikódà. Wáyà yẹn kan náà ló ń gbé iná lọ fún díìṣì, nítorí náà kò sí wáyà iná ọ̀tọ̀ tí a óò máa wá ibi tí a óò kì í bọ̀. Yóò yí ara rẹ̀ káàkiri nínú ìdérí rẹ̀ títí yóò fi rí sátẹ́láìtì, lẹ́yìn náà dikódà yóò gba àkọsílẹ̀ ètò wọlé. Fún ẹni tó máa ń ṣí kúrò níbi tó sùn ní òwúrọ̀, ìrọ̀rùn yìí tó owó rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa yí díìṣì kiri nínú òkùnkùn lẹ́yìn tó ti wakọ̀ láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí kò lè ṣe. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Sátẹ́láìtì kan ló sì lè dojú kọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá so dikódà méjì mọ́ ọn, ẹni tó wà ní yàrá lẹ́yìn kò lè wo ìkànnì tó wà lórí sátẹ́láìtì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹni iwájú ń wò. Wally fúnra rẹ̀, ìkànnì kan ṣoṣo ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè gba ètò sílẹ̀ bí ẹ bá fi hard drive ti ìta sí i, tí ẹ sì san owó kan tí wọn kì í gbà lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìdílé kékeré, ìyẹn tó. Ìdílé tí ìjà rìmóòtù kì í tán níbẹ̀ yóò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi ni ọ̀tá tó le jù. Sátẹ́láìtì náà wà lókè ibi tí ayé ti fẹ̀ jù lọ ní ìbú, ní nǹkan bí 35,786 kìlómítà sí ilẹ̀, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà sì ní láti wo ìhà gúúsù kí ó tó rí i. Láti Houston, sátẹ́láìtì dígírì 119, ọ̀kan nínú àwọn ti DISH, wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ní gíga tó jẹ́ bíi dígírì 47, ìyẹn ni pé ó ju ìdajì ọ̀nà lọ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀run dé àtàrí. Ní aṣálẹ̀ Quartzsite ní Arizona, níbi tí àwọn onílé-ọkọ̀ máa ń kóra jọ sí nígbà òtútù, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ní Rio Grande Village nínú ọgbà Big Bend, àwọn igi ńlá tí a ń wá ibòòji lábẹ́ wọn ló ń dí ojú ọ̀run, ní àwọn òkè Great Smoky sì rèé, igbó ibẹ̀ ki débi pé ẹ lè má rí ibi kankan gbé Tailgater sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn díìṣì tí a ń gbé kalẹ̀ ju èyí tí a kàn mọ́ òrùlé lọ: ọkọ̀ lè wà ní ibòòji kí díìṣì sì wà nínú oòrùn, bí wáyà bá ṣá ti gùn tó. Èyí tó wà lórí òrùlé, tó ń tọ sátẹ́láìtì lẹ́yìn bí ọkọ̀ ti ń sáré, sábà máa ń ju 1,000 dọ́là lọ, síbẹ̀ ibi tí ọkọ̀ bá wà ni òun náà gbọ́dọ̀ wà.

Ní ti díìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo mẹ́nu bà, DISH 1000.2 ni mo ní lọ́kàn, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ara ilé. Bí ẹ bá ra òun, LNB rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, àti ẹsẹ̀ tí yóò dúró lé, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti Tailgater. Ó ń gba àwọn sátẹ́láìtì ìhà ìwọ̀ oòrùn pa pọ̀ láìyí ara rẹ̀, nítorí náà ẹni méjì lè wo ohun tó wù wọ́n. Ó sì fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ díìṣì ṣe pàtàkì nígbà òjò, nítorí òjò ńlá ń mú ìgbì Ku rẹ̀wẹ̀sì, díìṣì kékeré ló sì ń kọ́kọ́ pàdánù àwòrán. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tọ́ ọ: ẹ ó fi kọ́ńpáàsì wá ìhà tí ó yẹ kó kọjú sí, ẹ ó gbé e sókè dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ ó sì dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ibi tí ẹ wà ti béèrè. Dikódà yóò fún yín ní iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ agbègbè náà sínú rẹ̀. Òpó àárín gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kò gbọ́dọ̀ wọ́ rárá, torí bí òpó bá ti wọ́, kò sí iye tí yóò bára mu mọ́, ẹ ó sì máa wá sátẹ́láìtì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fún ẹni tó ń gbé ibì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ni n óò ní kó rà.

Ìhà àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà nílò ìkíyèsí. Ní Bar Harbor ní Maine, sátẹ́láìtì 119 yẹn kan náà kò ga tó dígírì 20, ilé tàbí igi kúkúrú sì lè bò ó. Ti ìlà oòrùn, tó wà ní dígírì 61.5, ga tó nǹkan bíi 38 níbẹ̀. Kí ẹ tó ra díìṣì alágbèéká èyíkéyìí, ẹ béèrè bóyá ó ń gba àwọn sátẹ́láìtì ìlà oòrùn, bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀hún lẹ ń lọ.

Àwọn ìkànnì ìbílẹ̀ máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìgbì wọn kì í bo gbogbo orílẹ̀-èdè, agbègbè tí wọ́n wà fún nìkan ló ń dé, nítorí náà ìkànnì Houston yóò pòórá bí ẹ bá ti rìn jìnnà. Ẹ óò pe DISH kí wọ́n yí àdírẹ́sì yín padà sí ibi tí ẹ wà, kí ti ibẹ̀ lè wọlé. Bí ẹ bá wà nítòsí ìlú, áńtẹ́nà orí òrùlé tó ti bá ọkọ̀ wá yóò gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì tìtorí wọn sanwó.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò wáyà tó wà lára ògiri ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú ẹ̀rọ áńtẹ́nà tàbí ohun tó ń pín wáyà ni wáyà ibẹ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sì í jẹ́ kí iná tí díìṣì nílò kọjá. Níbi tí a ti tún ọkọ̀ wa ṣe, wọ́n fẹ́ tà wá ní díìṣì tuntun nígbà tó jẹ́ pé ihò yẹn ni ìṣòro wà. Ẹ fi RG-6, irú wáyà tí a ń lò fún díìṣì, so díìṣì mọ́ dikódà tààrà kí ẹ tó gbà pé ohunkóhun ti bàjẹ́.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti ara sátẹ́láìtì, dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ti ń rìn, tó sì fẹ́ wo ètò láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná púpọ̀ ju Tailgater àti Wally lọ, bátìrì ọkọ̀ yóò sì tètè mọ̀ ọ́n lára níbi tí kò sí iná. Fún tẹlifíṣọ̀n nìkan, n kò ní tìtorí rẹ̀ rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ ra Wally àlòkù kí owó lè dín kù sí i, ẹ gba nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ pe DISH kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n wò ó bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀ tàbí orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí gbèsè bá wà lórí rẹ̀, wọn kò ní tan án fún yín, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.