Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí Búrọ́ọ̀ṣì fún Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró
Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí wọ́n fi ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kò wọ́nwó, kò sì léwu: aláìsàn yóò wúkọ́ jinlẹ̀ láàárọ̀, yóò tu ohun tó bá jáde sínú ike, ó sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 3. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé itọ́ ẹnu lásán ni àwọn mìíràn ń tu, èyí tí kò wúlò fún àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì rárá. Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà ni wọ́n ń tì gba imú tàbí ẹnu wọlé, kí wọ́n lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó gba inú rẹ̀ kọjá ha ojú ibi tí wọ́n fura sí gan-an. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà díẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba rọ́bà. Bí èsì rẹ̀ kò bá fi nǹkan hàn, tí àwòrán àyà ṣì ń kọni lóminú, ó di ti búrọ́ọ̀ṣì.