Ṣọ́ọ̀kì fún Kọ́ńbì tí a ti rẹ̀ sílẹ̀: ohun tí ojú mi rí ní Abẹ́òkúta

Ṣọ́ọ̀kì Koni Classic ni mo fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Kọ́ńbì mi, bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Kọ́ńbì tó sún mọ́lẹ̀ ni yóò bá mu, torí gígùn ló ń pa ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ irú ọkọ̀ báyìí.

Ìran kejì ni tèmi, irú èyí tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí Brazil sì ń ṣe títí di 2013. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti táńkì omi wà nínú rẹ̀. Drop spindle, irin tó di táyà mú tí wọ́n ṣe lọ́nà mìíràn, ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ìyẹn gbé táyà nìkan sókè sí ara ọkọ̀. Apá tó di ṣọ́ọ̀kì mú wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì tó gùn bíi ti àtilẹ̀bá ṣì wọ̀ ọ́. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ní Asérò yàtọ̀. Torsion bar gan-an, irin tó ń lọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bíi sípíríǹgì, ni wọ́n yí. Apá ti gòkè kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, ṣọ́ọ̀kì sì ti wọnú ara rẹ̀ jìnnà. Bó bá gun bọ́ńpù kan ní Ọbáńtokò báyìí, irin inú rẹ̀ á gbá ìdí, fáàfù á bàjẹ́, epo á máa jò. Ṣọ́ọ̀kì kúkúrú ló yẹ irú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró tó dúró ṣinṣin, ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì, kí táyà máa fì. Ẹ wọn àárín ihò bóòtù òkè sí ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì ti apá náà sókè títí yóò fi kan rọ́bà tó ń dá a dúró, kí ẹ tún wọ̀n. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ó rà gbọ́dọ̀ kúrú ju iye kejì yìí lọ nígbà tó bá ká tán. Tó bá nà tán, kó sún mọ́ iye àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀kì gáàsì kan ló wà lára ọkọ̀ nígbà tí mo rà á. Ó le! Láti Ìtòrí dé Ifọ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ka kòtò fún mi. Àwọn mẹ́káníìkì kan á ní ẹ ra èyí tó le kí ọkọ̀ má baà máa gbálẹ̀. Irọ́ ni. Torsion bar ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ̀ẹ́ kó máa jó lẹ́yìn tó bá já sí kòtò.

Àwọn ará Nẹ́dálándì ló ń ṣe Koni. Ẹ lè mú kó le sí i nígbà tó bá ń nà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti yọ ọ́, tẹ̀ ẹ́ wọlé pátápátá, kí ẹ tó yí i. Wàhálà gidi nìyẹn lábẹ́ oòrùn. Mo fi iwájú sílẹ̀ bó ṣe rọ̀ tó, mo sì fún ẹ̀yìn le díẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì àti táńkì omi. Ní báyìí, mo lè sọ̀ kalẹ̀ láti Ìtòkú láìdi sítíárì mú bí ẹni ń jà.

Owó Koni ga, ẹ ó sì dúró dè é kó dé láti òkè òkun. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Tí epo bá ti wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.