Àgbéyẹ̀wò áyọ́ọ̀nù Hakko FX-601, láti ọwọ́ ẹni tó ń fi dígí aláwọ̀ ṣòwò

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí òun kọ́kọ́ náwó lé lórí nínú iṣẹ́ dígí aláwọ̀, n kò ní dárúkọ ohun tí a fi ń gé dígí, n kò sì ní dárúkọ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ etí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ni màá dárúkọ: soldering iron, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lò, àmọ́ tí agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ. Hakko FX-601 ni tèmi, ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ń ṣe é. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ tí mo fi ṣe sì ti wọ ilé àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí. Owó ara mi ni mo fi rà á, kò sẹ́ni tó ní kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ohun tí mò ń ṣe jù ni suncatcher, ìyẹn dígí aláwọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi okùn tàbí ṣéènì kọ́ sójú fèrèsé, kí oòrùn lè gba inú rẹ̀ kọjá kí àwọ̀ rẹ̀ sì tàn sára ògiri. Mo ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì ńlá pẹ̀lú bí ẹnìkan bá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Àwọn òyìnbó àdúgbò wa máa ń ra ẹyẹ àti òdòdó. Àwọn tiwa a máa bèèrè gángan, owó ẹyọ, àti àwòrán inú àdìrẹ, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ fi ta ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé lọ́rẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi ni pánẹ́ẹ̀lì kan tí mo ṣe láti inú àdìrẹ Ìbàdàndùn, tòun ti àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, pẹ̀lú dígí aláwọ̀ aró oríṣiríṣi, láti orí èyí tó ṣú dúdú dé orí èyí tó mọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Áyọ́ọ̀nù yìí ni mo fi jó o pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Louis Comfort Tiffany ní New York sọ di olókìkí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni mò ń tọ̀. A ó gé dígí, a ó lọ etí rẹ̀, a ó fi téèpù bàbà tó fẹ́lẹ́ yí etí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ká, a ó wá tò wọ́n bó ṣe wà nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà la ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun flux, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí òjé lè dì mọ́ bàbà, sójú bàbà náà, a ó sì fi áyọ́ọ̀nù yọ́ òjé, ìyẹn solder, lé gbogbo ààlà náà lórí. Òjé kì í lẹ̀ mọ́ dígí rárá. Ara bàbà ló ń dì mọ́, òun ló sì ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lójú tèmi, ìlà òjé yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. Dígí tó rẹwà, owó la fi ń rà á. Ilé iṣẹ́ Kokomo Opalescent Glass ní Indiana ti ń ṣe é láti 1888, Tiffany fúnra rẹ̀ jẹ́ oníbàárà wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó lọ́wọ́ lónìí lè rà níbẹ̀. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n ti ń ta ìlà òjé. Mo ti ṣàkíyèsí ẹni tó bá mú suncatcher lórí tábìlì mi lọ́jà: yóò kọ́kọ́ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka tọ ojú òjé lọ. Bí ìka bá ń kọsẹ̀, á rọra dá a padà sáyè rẹ̀. Màmá kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé kò ní ya èèyàn lọ́wọ́?” Mo ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wọ́n nù ún, wọ́n sì ra méjì.

Kí ìlà òjé tó lè rí róbótó, kó máa dán, kó má sì ní kókó, ooru orí áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Òjé tí mò ń lò jẹ́ àdàpọ̀ tánganran ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àti ojúlówó òjé ìdá 40. Ní 183°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, nígbà tó bá fi máa tó bíi 190°C ó ti di omi tán. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gan, tí ìlà rẹ̀ sì ń ga sókè dáadáa. Èyí tí wọ́n po ní ààbọ̀ sí ààbọ̀ kò ní yọ́ tán títí yóò fi tó bíi 215°C, ó máa ń pẹ́ kó tó gan, ó sì máa ń ṣàn gbẹ̀rẹ̀. Ó dára fún dídí àlàfo, kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìlà òkè. Àmọ́ orí áyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ju nọ́ńbà wọ̀nyí lọ gan-an, torí pé gbogbo ibi tó bá ti kan ni bàbà àti dígí ti ń fa ooru rẹ̀ lọ.

Níbí ni áyọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú ti ń já èèyàn kulẹ̀. Irú èyí tó máa ń wà nínú àpótí irinṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò ní ohun tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀. Bí o bá gbé e kalẹ̀ láti tún dígí tò, ńṣe ni yóò máa gbóná sí i, títí orí rẹ̀ yóò fi dúdú, tí òjé kò sì ní fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Bí o bá tún wá gbé e lé iṣẹ́ ńlá, kíá ló tutù, òjé á sì dì sójú ọ̀nà bíi kókó. Àwọn kan ń so àpótí kékeré mọ́ wáyà rẹ̀ láti fi dín iná kù. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n iná nìkan ni àpótí yẹn ń dín kù, kò mọ bí orí áyọ́ọ̀nù ṣe gbóná tó.

Inú FX-601 ni ohun tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀ wà. O lè yí i láti 240°C dé 540°C lára ọwọ́ rẹ̀, agbára iná rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 67. Ẹni tó bá ń dín àkàrà mọ̀ pé bí ẹ̀wà lílọ̀ bá ti balẹ̀ sínú epo ni epo yóò tutù díẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì ti koná mọ́ ọn kí àkàrà tó mu epo. Ohun tí áyọ́ọ̀nù yìí ń ṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ó bá kan ojú ibi tí òjé pọ̀ sí, tí ooru rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀, á fa iná sí i. Bí mo bá gbé e sórí ìdúró rẹ̀, á dín in kù. Nítorí náà ni wáàtì 67 rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn oníwáàtì 100 tí kò ní ìṣọ́ kò lè ṣe.

Bíi 400°C ni mo sábà ń fi sí fún ìlà òkè. Bí mo bá fẹ́ ṣe etí suncatcher, níbi tí bàbà ti fẹ́lẹ́ tí òjé sì lè ṣàn kúrò, mo máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀. Fún àwọn ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké, irú ojú ẹyẹ tàbí èso tí mo ń fi òjé kán sí, mo máa ń fà á wálẹ̀ sí i kí ìkán náà lè dúró bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru wọ̀nyí kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ fi sọ́kàn ni pé kò yẹ kí áyọ́ọ̀nù dúró pẹ́ lójú kan, bó ti wù kó dára tó. Dígí kì í fẹ́ kí apá kan ara rẹ̀ gbóná kí apá kejì sì tutù; ó lè là, lẹ́yìn tí o ti parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Orí rẹ̀ fẹ̀ bí ojú síṣẹ́ẹ̀lì, èyí sì dára jù fún irú iṣẹ́ wa, torí ojú tó fẹ̀ ló ń gbé ooru dé ibi tí a fẹ́. Wọ́n fi irin bo bàbà tó wà nínú rẹ̀. Má ṣe fi fáìlì tàbí sáńpépà ha á láéláé, bí irin yẹn bá ti ṣí, orí náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kànìnkànìn tó lómi díẹ̀ ni mo fi ń nù ún, mo sì máa ń fi òjé tuntun bò ó kí n tó pa á. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí yóò lo orí kan pẹ́.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Owó rẹ̀ sún mọ́ 100 dọ́là nígbà tí mo rà á, mo sì tún ra ìdúró rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí máa bá òun lára mu yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ràn mi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó fi owó ẹ̀rọ ìlọdígí pamọ́ ná, kó máa gé àwòrán tí etí rẹ̀ tọ́, kó sì máa fi ọwọ́ lo òkúta ìlọdígí. Suncatcher tí wọ́n fi òkúta lọ etí rẹ̀ lè dára tó ti ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù burúkú jó kò lè dára.

Ọ̀rọ̀ òjé fúnra rẹ̀ kò ṣeé fò. Ooru tí a ń lò kì í sọ òjé di èéfín tí à ń fà sí imú. Èéfín tó ń yọ, ti flux ni, ó sì ń ta ojú àti ọ̀fun, nítorí náà fèrèsé ṣíṣí àti fáànù tó ń fa èéfín síta ṣe pàtàkì. Láti ọwọ́ dé ẹnu ni òjé ń gbà wọnú ara. Ọwọ́ tó ti mú òjé tó wá mú búrẹ́dì, aṣọ iṣẹ́ tí èèyàn wọ̀ gbé ọmọ. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa àwọn ọmọ kéékèèké tó lé ní 400. Iṣẹ́ tèmi kò tó ìyẹn rárá, àmọ́ òjé kan náà ni. N kì í jẹun nínú yàrá iṣẹ́, tábìlì iṣẹ́ mi kì í wọ ilé ìdáná, ọmọdé kì í sì í wọbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà náà kò gbà kí òjé inú ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ju ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan lọ, nítorí náà n kì í ta suncatcher fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ ọ sí yàrá ọmọ tuntun, mo máa ń sọ fún un pé kó gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti lè tó o.

Ní ti owó, jẹ́ kí n ṣírò ọ̀kan. Suncatcher tí mo ń ta ní 40 dọ́là, tí owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8 dọ́là, bí mo bá tà á lórí Etsy, ìyẹn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba sẹ́ǹtì 20 fún pípàtẹ rẹ̀, ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 48 dọ́là náà, àti ìdá 3 pẹ̀lú sẹ́ǹtì 25 fún gbígba owó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5 dọ́là àti sẹ́ǹtì kan. Yọ owó dígí, téèpù bàbà, òjé, flux, páálí àti ohun tí mo fi ń dì í kó má fọ́ lójú ọ̀nà, wàá rí i pé àkókò nìkan ni ohun tó kù tí mo lè fi jèrè. Ibẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù yìí ti san owó rẹ̀ padà fún mi. Ìlà tó bá dára lẹ́ẹ̀kan náà kò nílò kí n tún un yọ́, kí n tún un fọ̀, kí n tún fi oògùn tó ń sọ òjé di dúdú pa á lára. Nítorí náà ni mo fi lè ta iṣẹ́ mi ní iye tí èèyàn lásán lè san.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń bá mi sọ pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Iṣẹ́ dígí aláwọ̀ kì í ṣe tuntun níbẹ̀. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó kú ní 2021, ṣe fèrèsé dígí aláwọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àyè ṣì wà fún ẹni tó bá lè ṣe kékeré tó ṣeé fi sílé, oòrùn wa sì ju ti Maryland lọ. Àmọ́ FX-601 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, iná fóòtì 120 ló ń lò. Bí o bá kì í bọ iná ilé ní Nàìjíríà tààrà, yóò jó. Ra transformer tó ń sọ fóòtì 230 di 120, kí agbára rẹ̀ sì ju wáàtì 67 lọ dáadáa. Má gba ohun ìyípadà kékeré tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò, torí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru inú áyọ́ọ̀nù yìí nílò iná tó dúró ire. Tó o bá lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti ibí, ní kó bá ọ mú orí méjì tàbí mẹ́ta dání pẹ̀lú rẹ̀.