Excel, Google Sheets tàbí ERPNext: èwo ni kí ilé-iṣẹ́ onírin kékeré l'Óṣogbo mú?

Ẹsẹ̀ táǹkì, géètì àti òrùlé onírin ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní Òṣogbo. A ti fi Excel ṣiṣẹ́, a ti lo Google Sheets, ERPNext, sọ́fítíwia tó ń tọ́jú ọjà, sítọ̀ọ̀ àti ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ pọ̀ sójú kan, la wà lórí ẹ̀ báyìí. Mi ò ní fi àyè ṣòfò lórí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ro owó pọ̀. Ohun tó máa dùn yín lọ́jọ́ iwájú ni mo fẹ́ sọ.

Owó. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ti ní Excel. Ọ̀fẹ́ ni Google Sheets, àmọ́ 15 GB ni àyè tó bá a wá, Gmail àti fọ́tò yín sì ń jẹ nínú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Frappe ní Mumbai, Íńdíà, ló ṣe ERPNext. Ọ̀fẹ́ lòun náà; owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa gbé e, àti ti ẹni tó máa bá yín gbé e kalẹ̀ lẹ máa san. Ẹlòmíì á dárúkọ Odoo, tó jẹ́ irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n apá PLM tó ń bójú tó àtúnṣe àwòrán iṣẹ́, inú Enterprise, ẹ̀dà olówó rẹ̀, ló wà, ẹ ó sì máa sanwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ń lò ó.

Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí gíríìdì gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ iná ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Excel ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Sheets nílò ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Orí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà lẹ́nu ínfátà ní ọ́fíìsì ni a gbé ERPNext sí, fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi láìjẹ dátà.

Kíkọ́ ọmọ iṣẹ́. Sheets ló rọrùn jù. ERPNext á gbà yín ní sùúrù, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ọ̀.

Àwòrán wo ni oníbàárà fọwọ́ sí?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ ẹsẹ̀ táǹkì fún wa. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, mílímítà 200 ló wà láàárín ihò bóòtù kan sí èkejì lórí irin ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó pè wá lórí fóònù pé ká sọ ọ́ di 250, nítorí àwọn tó ń da kọnkéré fẹ́ sún bóòtù. A tún àwòrán ṣe, a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó fi àtàǹpàkò dá wa lóhùn. A lu ihò ní 250. Ọjọ́ tí a gbé ẹsẹ̀ táǹkì dé sáìtì, 200 ni bóòtù inú kọnkéré wà. Oníbàárà yarí: òun ò ní kí ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà, àwòrán mìíràn ni òun fi àtàǹpàkò sí. Fáìlì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, "final", "final 2" àti "final tuntun", kò sì sí èyí tí a lè nàka sí pé ìbuwọ́lù rẹ̀ rèé. A gé irin ìsàlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, a ra òmíràn, a tún kó wẹ́dà àti jẹnẹrétọ̀ padà lọ. Àpò wa ni gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, Excel tí fáìlì rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà nìkan ò lè gbà yín: ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ kẹ́yìn ló ti pa ti ìṣáájú rẹ́. Sheets sàn jù ú lọ, ó ń fi hàn ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó ṣe é. Ṣùgbọ́n fáìlì PDF tàbí DXF (irú fáìlì tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà) ni àwòrán iṣẹ́, kì í ṣe Sheets. Tí ẹ bá gbé tuntun lé ti àtijọ́ lórí nínú Google Drive, ọjọ́ 30 tàbí ẹ̀dà 100 ló máa tọ́jú ti àtijọ́ mọ, àfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó pa á mọ́ títí. Iṣẹ́ onírin tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í parí lóṣù kan, ìgbà owó ìkẹyìn sì ni àríyànjiyàn máa ń dé.

ERPNext ní ohun tí wọ́n ń pè ní BOM, ìwé tó to gbogbo irin, bóòtù àti ọ̀dà tí iṣẹ́ kan máa gbà. Tí ẹ bá ti tẹ Submit, ó tì pa. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà á ṣe tuntun: 001 á wà níbẹ̀, 002 á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fagi lé ìwé àdéhùn ọjà tí ẹ sì tún un ṣe, nọ́ńbà rẹ̀ á ní -1 lẹ́yìn, orúkọ ẹni tó ṣe é àti àkókò rẹ̀ á sì wà lójú ìwé. Nọ́ńbà yẹn la ń tẹ̀ sórí àwòrán tí oníbàárà ń buwọ́ lù. Wẹ́dà wa ò ní gbé irin sẹ́nu ẹ̀rọ tí kò bá tíì wo nọ́ńbà náà.

Tó bá jẹ́ ẹni méjì péré lẹ jẹ́, Sheets tó yín. Ẹ má ṣáà gbé fáìlì kan lé òmíràn lórí. Èmi ṣì ń fi Excel ro gígùn irin tí a máa gé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní sítọ̀ọ̀ àti wẹ́dà ju ẹyọ kan lọ, mi ò rí ohun tí ẹ ń dúró dè.

Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún ẹni tó gbé ERPNext kalẹ̀ fún yín, ẹ ní kó ṣe nǹkan méjì lójú yín: kó fi BOM tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kó sì ṣí ti àtijọ́ hàn yín, kó tún fi bákọ́ọ̀pù yín, ìyẹn ẹ̀dà tí ẹ fi pamọ́, gbé gbogbo ẹ̀ dìde lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.