Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó fún oníkíláàsì Ansible tó wà ní Lágere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe wẹ́bsáìtì ní Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ OAU, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan ń polówó káàkiri Lágere àti Mayfair pé òun ó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi Ansible, ìyẹn sọ́fíwià tó ń bá èèyàn to kọ̀ǹpútà, to server (kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì ń gbé lórí rẹ̀), kẹ́ ẹ má bàa máa fọwọ́ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni.

Lẹ́yìn owó kíláàsì, á tún gba owó "láísẹ́ǹsì Ansible". Irọ́ funfun báláú! Ọ̀fẹ́ ni Ansible láti 2012 tí Michael DeHaan ti gbé e jáde. Red Hat tó rà á ní 2015 ní èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò nílò ìyẹn láti kọ́ṣẹ́. Dátà yín nìkan lẹ ó ná.

Èyí tó bí mi nínú jù ni playbook tó ń pín, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ohun tí Ansible máa ṣe fún un. Àbúrò mi kan gbé tiẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. Nginx, sọ́fíwià tó ń gbé wẹ́bsáìtì fáwọn èèyàn, ló yẹ kó gbé sórí server, ó tán. Mo kà á débì kan, mo rí authorized_key: kọ́kọ́rọ́ SSH (èyí tí wọ́n fi ń wọ server láti ọ̀nà jíjìn) ti ọ̀gbẹ́ni náà ló ń kì bọ root, àkáǹtì tó láṣẹ lórí gbogbo server, orúkọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀ gbangba. Gbogbo server tẹ́ ẹ bá fi to, á máa wọ̀ ọ́ nígbà tó bá wù ú, láìsí páswọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun fẹ́ máa bá wọn tún un ṣe ni. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ó tún ní kí wọ́n fi id_rsa wọn, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ SSH àṣírí wọn, ránṣẹ́ lórí WhatsApp kóun lè máàkì iṣẹ́ wọn. Ẹ má dán an wò. Èyí tó ní .pub nídìí nìkan ni wọ́n ń fún èèyàn.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an kò dáa. Playbook tó péye, tẹ́ ẹ bá tún un rán lẹ́ẹ̀kejì, changed=0 ló máa sọ, ìyẹn ni pé kò sóhun tó yí padà. Ní ti ọ̀gbẹ́ni yìí, shell, ìyẹn àṣẹ tààrà tí Ansible kì í yẹ̀ wò bóyá ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, ló fi ṣe gbogbo ẹ̀, changed ṣáá ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ ṣí /root/.ssh/authorized_keys, ẹ pa ìlà tẹ́ ò mọ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ fi ssh-keygen ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun. Tó bá jẹ́ server oníbàárà, ẹ kúkú tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ti dé root lè ti fi nǹkan mìíràn pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo playbook rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ kó kọ́kọ́ yọ páswọ́ọ̀dù inú ẹ̀ kúrò ná.